Tábìlì líìgì tí eré rẹ̀ kò dé òpin

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹta, ọdún 2020, NCAA, ìyẹn àjọ tó ń darí eré ìdárayá láàárín àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fagi lé gbogbo ìdíje àṣekágbá tó kù lọ́dún náà nítorí àrùn kòrónà. Softball àwọn obìnrin bá a lọ. Ìdíje ńlá tí wọ́n máa ń ṣe ní Oklahoma City kò wáyé. Lọ́jọ́ tí eré dúró yẹn, ikọ̀ UCLA, yunifásítì kan ní Los Angeles, ti borí nígbà 25, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì fìdí rẹmi. Ẹni tó bá wá lọ wo tábìlì líìgì wọn yóò rí 0–0 níwájú orúkọ wọn.

Kò sí ẹni tó ṣìṣe. Yunifásítì kọ̀ọ̀kan ló wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní conference, ẹgbẹ́ yẹn sì ni líìgì wọn gan-an. Láti oṣù Kejì ni wọ́n ti máa ń gbá eré, àmọ́ àwọn ará ìta ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń bá gbá. Eré ẹgbẹ́ á wá bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹta, á sì máa lọ títí wọ oṣù Karùn-ún. Ìdí nìyí tí tábìlì fi ní òpó méjì: ọ̀kan fún gbogbo eré tí ikọ̀ ti gbá lọ́dún náà, ọ̀kan fún eré ẹgbẹ́ nìkan. Òpó eré ẹgbẹ́ ni wọ́n fi ń tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀. UCLA kò tíì gbá ẹyọ kan nínú eré ẹgbẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ẹ má ka òpó kan dípò ìkejì, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í.

Ní Èkìtì níbí, ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ softball. Ẹni tó bá ti gbá rounders nílé ẹ̀kọ́ ti mọ ìdajì rẹ̀: igi lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹni tó ń jù ú, àti sísáré yí ibùdó mẹ́rin ká. Ènìyàn 9 ni ikọ̀ kan ń kó wọ pápá, ìnínìsì 7 sì ni eré kan; ìnínìsì kan pé nígbà tí ikọ̀ méjèèjì bá ti lu bọ́ọ̀lù ní ìtẹ̀léra. Àmọ́ ìṣòro tábìlì tí eré rẹ̀ dúró lágbedeméjì, ìyẹn kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ní yunifásítì ń bá ẹ̀ka kejì gbá ní Adó, ní Ọ̀yẹ́, ní Ìkéré; ìyanṣẹ́lódì dé, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ palẹ̀ ẹrù mọ́, ó di ilé. Ní ọdún 2022, ọjọ́ 14 oṣù Kejì ni ASUU bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, ó sì di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó dá a dúró. Oṣù 8 gbáko. Líìgì tó wà lórí pápá nígbà yẹn, ta ló máa padà wá gbá a tán? Àwọn tó wà ní ọdún àṣekágbá ti lọ. Bí kò bá sì jẹ́ ìyanṣẹ́lódì, òjò ni, tàbí ìdánwò tí wọ́n fà wá síwájú.

Akọ̀wé eré ìdárayá á wá jókòó ti ìwé tí ikọ̀ kan ti gbá eré 12 nínú rẹ̀, tí òmíràn gbá 6. Ife ẹ̀yẹ wà nílẹ̀, kálukú ń sọ pé tòun ni. Ìṣirò tí àwọn onísoftball ń lò yóò wúlò fún un níbẹ̀, torí pé àwọn kì í retí kí eré gbogbo ikọ̀ dọ́gba. Òjò ń ba eré wọn jẹ́ lọ́dọọdún.

Nínú softball, ọ̀mì ṣọ̀wọ́n. Bí ìnínìsì 7 bá pé láìsí olúborí, wọ́n á máa fi kún un títí ẹnì kan á fi borí. Nítorí náà kò sí póìǹtì 3, kò sí póìǹtì 1. Ìdá ìborí ni wọ́n fi ń to ikọ̀: ẹ fi iye eré pín iye ìborí, ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ ní nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn ààmì kékeré. Ìborí 9 nínú eré 12 jẹ́ .750. Bí òjò tàbí ọkọ̀ tó ń dúró de àlejò bá sọ eré kan di ọ̀mì, ẹ kà á sí ààbọ̀ ìborí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan hàn. Ká sọ pé ẹ̀ka 8 ló wà nínú líìgì kan, tí kálukú ní láti bá ara wọn gbá nígbà méjì. Eré 14 ni ti ikọ̀ kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Eré dúró lójijì, àwọn mẹ́rin òkè sì rí báyìí:

Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́: borí 5, fìdí rẹmi 1, ìdá .833
Ọ̀gbìn: borí 9, fìdí rẹmi 3, ìdá .750
Òfin: borí 6, fìdí rẹmi 2, ìdá .750
Sáyẹ́ǹsì: borí 7, fìdí rẹmi 4, ìdá .636

Ẹ wò ó dáadáa. Bó bá jẹ́ iye ìborí nìkan la kà, Ọ̀gbìn á ṣíwájú, Sáyẹ́ǹsì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Òfin, Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ á sì kẹ́yìn. Ẹni tó wà lókè pátápátá nínú ìdá ni iye ìborí jù sí ìsàlẹ̀. Sáyẹ́ǹsì tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹrin á wà níwájú Òfin tó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, kìkì nítorí pé òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ tí Sáyẹ́ǹsì gbá tiwọn. Ìyẹn kì í ṣe ìdájọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mọ́. Ìdájọ́ ojú ọjọ́ ni.

Òpó kan tún wà tí wọ́n máa ń kọ GB sí lórí. Ó ń sọ iye eré tí ikọ̀ kan fi wà lẹ́yìn ẹni tó ṣíwájú. Bí a ṣe ń ṣe é rèé: ẹ yọ ìborí ẹni ẹ̀yìn kúrò nínú ìborí ẹni iwájú, ẹ yọ ìfìdírẹmi ẹni iwájú kúrò nínú ti ẹni ẹ̀yìn, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ pín in sí méjì. Láàárín Ọ̀gbìn àti Sáyẹ́ǹsì: 9 yọ 7 ku 2, 4 yọ 3 ku 1, àpapọ̀ 3, ìdajì rẹ̀ 1.5. Sáyẹ́ǹsì fi eré kan ààbọ̀ wà lẹ́yìn Ọ̀gbìn.

Nígbà tí eré bá dọ́gba, òpó yìí kì í purọ́. Bí eré kò bá dọ́gba, ó lè bá ìdá ìborí jà. Ọ̀gbìn àti Òfin wà lórí .750 àwọn méjèèjì, síbẹ̀ ìṣirò GB sọ pé Òfin fi eré 1 wà lẹ́yìn. Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ló ṣíwájú nínú ìdá, àmọ́ ẹ ṣe GB Ọ̀gbìn sí i, yóò fún yín ní −1, bí ẹni pé ẹni kejì ti kọjá ẹni kìíní. Akọ̀wé tó bá rí ààmì yíyọ yẹn á rò pé òun ṣe ìṣirò òdì, á sì fẹ́ pa á rẹ́. Kó fi í sílẹ̀. Ohun tí nọ́ńbà yẹn ń wí ni pé eré tí àwọn ikọ̀ wọ̀nyí gbá jìnnà síra. Nínú líìgì tó dúró lágbedeméjì, èmi ò ní gbé GB sójú ìwé rárá. Iye eré tí ikọ̀ gbá ni kí ẹ kọ sípò rẹ̀.

Ìdá ìborí náà ní àléébù tirẹ̀. Ká ní Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ fìdí rẹmi nínú eré tó tẹ̀ lé e, 5–1 á di 5–2, .833 á já sí .714, wọ́n á sì bọ́ sí ipò kẹta. Ká ní Ọ̀gbìn ló fìdí rẹmi, 9–3 á di 9–4, .750 á di .692. Eré kan náà ni, àmọ́ ó gbọn Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ju bó ṣe gbọn Ọ̀gbìn lọ ní ìlọ́po méjì. Bí eré bá ṣe kéré tó ni ìdá ṣe ń fì tó. Nínú softball, ọ̀wọ́ eré mẹ́ta ni ikọ̀ méjì sábà máa ń gbá láàárín ọjọ́ Jímọ̀ọ́ sí ọjọ́ Àìkú. Líìgì tó bá dúró lẹ́yìn ọ̀wọ́ kan ṣoṣo, ìdá mẹ́rin péré ló lè wà lórí rẹ̀: 1.000, .667, .333 àti .000. Ta ló máa fi ìyẹn fúnni ní ife?

Nítorí náà ẹ fi ààlà sí i: ikọ̀ tí kò bá tíì gbá tó ìdajì eré rẹ̀ kò lè gba ipò kìíní. Nínú àpẹẹrẹ wa, ìdajì 14 jẹ́ 7. Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ gbá 6. Ó máa dùn wọ́n, àmọ́ bí òfin náà bá ti wà lára ògiri láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é.

Ó wá ku Ọ̀gbìn àti Òfin, .750 sí .750. Níbí ni òfin ìyàsọ́tọ̀ ti máa ń wó. Ìlànà tó wọ́pọ̀ jù nínú softball ni pé kí wọ́n wo eré tí àwọn méjèèjì bára wọn gbá. Bí wọn ò bá wá tíì pàdé ńkọ́? Líìgì tó parí kì í ní ìṣòro yìí, èyí tó dúró lágbedeméjì ló ní in. Ẹ kọ ìgbésẹ̀ kejì sílẹ̀: ẹ kó àwọn alátakò tí àwọn méjèèjì ti jọ bá gbá jọ, kí ẹ ṣe ìdá ìborí lórí àwọn yẹn nìkan. Ẹ má sáré lọ sí ìyàtọ̀ ayò. Nínú softball NCAA, bí ikọ̀ kan bá ti fi run 8 (run ni ayò softball) ṣíwájú lẹ́yìn ìnínìsì 5, wọ́n á pa eré náà síbẹ̀. Ikọ̀ tó fi 8 borí nínú ìnínìsì 5, bóyá 14 ni ì bá jẹ́ ká ní wọ́n gbá a dé 7, ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa náà, ikọ̀ tó bá ikọ̀ tí ènìyàn rẹ̀ kò pé gbá lè kó góòlù 9 lọ́jọ́ kan, kí ìyẹn sì gbé e kọjá ẹni tó ń fi 1–0 borí àwọn alágbára.

Tó bá jẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni líìgì yín, ọ̀mì pọ̀ níbẹ̀, ẹ má lo ìdá ìborí. Ẹ fi iye eré pín póìǹtì. Ìdí rẹ̀ rèé: ikọ̀ tó borí 6, ta ọ̀mì 2, fìdí rẹmi 2, àti ikọ̀ tó borí 7, fìdí rẹmi 3, .700 ni ìdá àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n póìǹtì 20 ni ti àkọ́kọ́, 21 ni ti ìkejì. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ti mọ̀ pé ìborí kan tó ọ̀mì mẹ́ta, òun ni wọ́n fi ń ronú lórí pápá. Ẹ kò gbọdọ̀ yí òṣùwọ̀n padà mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí eré ti dúró.

Bí èyí ṣe lè le tó, League One, ìpele kẹta bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní 2020 nígbà tí kòrónà dá a dúró. Peterborough wà ní ipò 6 pẹ̀lú póìǹtì 59 nínú eré 35. Wycombe wà ní ipò 8, póìǹtì 59 náà ni, àmọ́ nínú eré 34. Ẹ fi ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù ṣe é: 59 sí ọ̀nà 35 jẹ́ 1.6857, 59 sí ọ̀nà 34 jẹ́ 1.7353. Wycombe gòkè wá sí ipò 3, Peterborough ṣubú sí 7, ipò 6 ló sì jẹ́ òpin àwọn tó máa gbá ìdíje ìgòkè. Wycombe borí Oxford 2–1 ní Wembley, wọ́n sì wọ Championship, ìpele kejì, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn. Eré kan tí wọn kò tíì gbá ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ tún kíyè sí èyí: bí akọ̀wé kan bá kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ́yìn ààmì, 1.7 ni àwọn méjèèjì. Nọ́ńbà mẹ́rin ni kí ẹ máa kọ sínú ìwé tiyín, kí ẹ tó gé e kúrú fún ojú pátákó.

Líìgì àgbà tiwa, NPFL, lo irú ìṣirò kan náà nígbà tí kòrónà dá saa 2019/20 dúró. Plateau United ló wà lókè. Enyimba, tí eré wọn kù sẹ́yìn nítorí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń lọ, ló bá wọn lọ sí Champions League ti CAF. Ká ní póìǹtì gbọnrangandan ni wọ́n kà, à bá ti fìyà jẹ Enyimba torí pé wọ́n ń ṣojú orílẹ̀-èdè.

Kò sí ìdá kankan tó mọ ẹni tí ikọ̀ kan bá gbá. Ó ṣeé ṣe kí Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ ti bá àwọn mẹ́rin ìsàlẹ̀ nìkan gbá eré 6 wọn. NCAA ní ìṣirò kan fún èyí tí wọ́n ń pè ní RPI: ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lára ìdá ìborí ikọ̀ fúnra rẹ̀, 50 lára ti àwọn alátakò rẹ̀, 25 lára ti alátakò àwọn alátakò. Fún líìgì ẹ̀ka 8, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lágara. Ẹ kọ orúkọ ikọ̀ tó kù fún kálukú sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ẹni tó bá wò ó á rí i fúnra rẹ̀ pé Ọ̀gbìn ti bá àwọn alágbára gbá tán, Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́ kò tíì rí wọn.

Ó tún sàn kí àtòjọ eré má jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ikọ̀ 8 sí ìlà méjì, mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀. Ẹni òkè bá ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ gbá. Lọ́sẹ̀ kejì, ikọ̀ kìíní kò ní kúrò níbi tó wà, àwọn 7 yòókù á sún ní ipò kọ̀ọ̀kan yí i ká bí ọwọ́ aago. Bí ẹ bá ṣe é nígbà 7, gbogbo wọn ti bá ara wọn gbá lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ ìyípo kejì kí àkọ́kọ́ tó pé. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni eré tí òjò lé: wọ́n á ní "a ó gbá a tó bá yá", ọ̀sẹ̀ tuntun á dé, eré tuntun á gorí ti àtijọ́, lẹ́yìn oṣù méjì, 12 sí 6 ti dé. Èkìtì ń rí òjò láti bí oṣù Kẹrin títí dé oṣù Kẹwàá, ó sì sábà máa ń ṣú lọ́sàn-án. Ẹ fi eré sí àárọ̀ Sátidé, ẹ fi ọjọ́ kan sílẹ̀ láìfi eré sí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì méjì, kó jẹ́ ti eré tí òjò bá lé nìkan.

Eré tí òjò bá lé jáde lágbedeméjì ńkọ́? Ìlànà NCAA nìyí: bí ìnínìsì 5 bá ti pé, tàbí 4 ààbọ̀ tí onílé ń ṣíwájú, eré ti tó eré. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ní àwọn máa parí lọ́jọ́ mìíràn, ọjọ́ mìíràn yẹn kò sí mọ́ tí saa bá ti pa, kò gbọdọ̀ wọ tábìlì. Fún bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹ yan iye ìṣẹ́jú tí eré gbọ́dọ̀ dé kó tó di eré, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú. Wọ́kófà náà gbọ́dọ̀ ní àmì tirẹ̀ nínú ìwé, torí pé ìborí tí ẹnikẹ́ni kò làágùn fún kì í ṣe ohun tó yẹ kó yanjú .750 sí .750. Ikọ̀ tó bá yọwọ́ pátápátá kó tó gbá ìdajì eré rẹ̀, ẹ pa gbogbo èsì rẹ̀ rẹ́, tí ẹni tó borí wọn àti tí ẹni tó fìdí rẹmi. Bí ẹ bá fi díẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó ti bá wọn gbá á jẹ èrè tí àwọn yòókù kò ní rí.

Kí ẹ tó lẹ tábìlì mọ́ ara ògiri, ẹ ro gbogbo ìborí pọ̀, ẹ ro gbogbo ìfìdírẹmi pọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ dọ́gba, torí kò sí ẹni tó borí tí ẹlòmíràn kò fìdí rẹmi. Nínú àpẹẹrẹ wa, àwọn mẹ́rin òkè ní ìborí 27 àti ìfìdírẹmi 10. Àwọn mẹ́rin ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi 17 fìdí rẹmi ju bí wọ́n ṣe borí lọ. Bó bá jẹ́ 16 tàbí 18, ẹ padà síbi ìwé rèfírì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé èsì kan náà ni wọ́n kọ fún ikọ̀ kan tí wọ́n gbàgbé ìkejì.

Lórí pé kí a fi ife fúnni tàbí ká má fún ẹnikẹ́ni, ọwọ́ kò dọ́gba lágbàáyé ní 2020. Ilẹ̀ Faransé fún PSG, tó ní póìǹtì 68 nínú eré 27. Ilẹ̀ Netherlands kò fún ẹnikẹ́ni: Ajax àti AZ jọ wà lórí póìǹtì 56 nínú eré 25. NCAA náà kò yan olúborí kankan nínú softball ọdún 2020. Ohun tí wọ́n ṣe, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta, ni pé wọ́n fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà nínú eré ìgbà ìrúwé láàyè ọdún kan sí i láti gbá. Tèmi ni pé bí gbogbo ikọ̀ kò bá tíì bá ara wọn gbá lẹ́ẹ̀kan, kí ife wà nínú àpótí. Bí wọ́n bá ti bá ara wọn gbá tán lẹ́ẹ̀kan, ìdá ti tó fi yan ẹni tó gbà á, pẹ̀lú ààlà ìdajì eré tí a sọ.

Kí ìlà kan wà lábẹ́ tábìlì náà lọ́nàkọnà, kí ó hàn gedegbe bí orúkọ ikọ̀: "Eré dúró ní ọjọ́ báyìí, nítorí ìdí báyìí. Eré tó yẹ kí a gbá: 56. Eré tí a gbá: iye báyìí. Ìdá ìborí la fi tò ó."